Àṣìṣe Ìtẹwó àti Ìbàjẹ́ Ara Owó Onírin: Ọ̀nà Ìdámọ̀ fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbègbè Kòsọ́fẹ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè dá àṣìṣe tó wáyé nílé ìtẹwó mọ̀ yàtọ̀ sí ìbàjẹ́ tó bá owó onírin lẹ́yìn tó ti bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú. Èrò tí a gbé iṣẹ́ náà lé ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí a bi àpá èyíkéyìí tí a bá rí lára owó: ṣé kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀ ló ti wà níbẹ̀, àbí ìgbà tí òǹtẹ̀ ń balẹ̀ ló wáyé, àbí ẹ̀yìn rẹ̀? Àwọn owó tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni èyí tí Nàìjíríà ti ná láti ìgbà ìjọba àmúnisìn títí di òní. A tún wo ohun tí òfin sọ nípa owó tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́, a sì dá ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì lábàá.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ìjọra ni ìpìlẹ̀ ìfiwéra, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni òpin ìwádìí. Owó tí mọ́tò gùn mọ́lẹ̀ lójú títì lè jọ owó tí ẹ̀rọ ìtẹwó ṣì tẹ̀. Owó tí ìpẹtà ti jẹ lára lè jọ èyí tí wọ́n gbàgbé láti fi àwọ̀ bò. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò wọ́n yóò pe méjèèjì ní ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀ lásán. Ìpolówó ń kiri lórí fóònù pé ẹni tó bá ní náírà onírin ti ọdún 1991, tàbí kọ́bọ̀ àtijọ́ tó ní àléébù kan lára, yóò di ọlọ́rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dáhùn ìpè wọn ni wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí owó àyẹ̀wò. Bó bá ti san án tán, ó parí. Kò ní rí olùrà, kò sì ní rí owó rẹ̀ mọ́. Àwọn tí irú ẹ̀tàn báyìí máa ń mú ni àwọn tí kò ní ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì ní Máìlì 12, tàbí tí bàbá rẹ̀ ń ta ọsàn ní Kétu, lè mú owó onírin kan wá sílé ìwé láti bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá òtítọ́ ni ohun tí wọ́n sọ. Bí olùkọ́ kò bá ní ọ̀nà tí yóò gbà yẹ owó náà wò, kò sí ohun tó lè sọ ju "ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀" lọ. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò ran ọmọ náà lọ́wọ́, kò sì ran ìyá rẹ̀ náà lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé owó onírin kò wọ́pọ̀ nínú ṣéńjì tí a ń gbà lọ́jà ní Èkó lónìí. Owó bébà àti owó tí a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù ni a fi ń ná ọjà jù. Ibi tí a ti lè rí owó onírin ni inú kóló àtijọ́, ìsàlẹ̀ àpótí àwọn àgbà, ọwọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù, àti àpò àwọn ẹbí tó ti ìlú òyìnbó dé. Ní Kùtọnu àti Pọ́tònófò ní tiwọn, owó onírin sẹ́fà ṣì wà nínú ṣéńjì ojoojúmọ́, àwọn oníṣòwò sì máa ń mú un kọjá ẹnubodè. Nítorí náà, ohun tí a lè yẹ̀ wò kò tíì tán nílẹ̀.

Àwọn owó onírin tí a lè bá pàdé

Kí a tó lè mọ ohun tó ṣàjèjì lára owó, a ní láti mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní àṣìṣe ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ṣètò owó náà gan-an nìyẹn.

Kí owó onírin tó gbilẹ̀, owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná, wọ́n sì máa ń sín in sókùn. Nígbà tí ìjọba àmúnisìn gbé owó kékeré jáde ní ọdún 1907, wọ́n lu ihò sí àárín rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni aníní. Mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan láyé ìgbà náà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe aníní, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó bàjẹ́. Láàárín ọdún 1908, wọ́n ti fi irin tí a fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì pò rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún wa: ojú ọjọ́ lásán lè ba owó jẹ́ láìsí ẹni tó ṣe àṣìṣe kankan.

Ní ọdún 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti ná éépìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì. Fàdákà ni wọ́n fi ṣe àwọn tó tóbi níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí fàdákà wọ́n gógó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ tẹ̀ wọ́n ní ọdún 1920. Ẹni tó bá rí ṣílè funfun àti ṣílè pupa kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀kan jẹ́ àṣìṣe. Ọdún tí a kọ sára wọn ni kó kọ́kọ́ wò.

Ní ọdún 1959, Nàìjíríà ní owó onírin tirẹ̀, tí tọ́rọ́ rẹ̀ ní igun 12. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́ùn àti ṣílè. Kọ́bọ̀ 10 ló gba ipò ṣílè kan, kọ́bọ̀ 5 sì gba ipò sísì. A ya kòkó sára kọ́bọ̀ 5, a ya igi ọ̀pẹ sára kọ́bọ̀ 10, a sì ya ẹ̀pà sára kọ́bọ̀ 25. Ní ọdún 1991, wọ́n tún owó onírin ṣe, wọ́n sì fi kọ́bọ̀ 50 àti náírà 1 kún un; àwòrán Herbert Macaulay ló wà lára náírà náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2007, kọ́bọ̀ 50, náírà 1 àti náírà 2 tuntun jáde, ọdún 2006 ni a sì kọ sára wọn. Irin oríṣi méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra ni wọ́n fi ṣe náírà 1 àti náírà 2 yìí: ọ̀kan wà láàárín, èkejì sì yí i ká bí òrùka.

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàárín owó 1973 àti ti 1991. Bàbà tí a pò mọ́ irin mìíràn ni wọ́n fi ṣe ti 1973, òòfà kò sì lè fà á. Irin gidi tí a fi bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì bò lára ni ti 1991, òòfà yóò sì fà á. Ìmọ̀ kékeré yìí yóò wúlò fún wa níwájú.

Bí a ṣe ń tẹ owó

Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ ìtẹwó pín sí. Ìkíní ni pípèsè irin. Wọ́n á yi irin di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ á gé e sí róbótó bí ìgbà tí a fi ẹnu ife gé ìyẹ̀fun pípò. Irin róbótó tí kò tíì ní àwòrán yìí ni a ó máa pè ní irin pẹlẹbẹ. Wọ́n á yí etí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ mìíràn kí ìgbátí rẹ̀ lè ga díẹ̀. Bí owó náà bá jẹ́ èyí tó ní ihò, ìpele yìí ni wọ́n ti ń lu ihò náà.

Ìpele kejì ni ṣíṣe òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ méjì ni owó kan ń lò: ọ̀kan fún ojú, èkejì fún ẹ̀yìn. Ohun tó bá ga lára owó, inú ni ó wọ̀ lọ lára òǹtẹ̀.

Ìpele kẹta ni títẹ̀ fúnra rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ yóò bọ́ sínú òrùka irin kan tí kò ní jẹ́ kó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òǹtẹ̀ méjèèjì yóò sì pa á pọ̀ pẹ̀lú agbára. Ní ìṣẹ́jú àáyá yìí ni àwòrán, lẹ́tà àti ìgbátí ń jáde pọ̀. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ilé ìtẹwó ti parí lára owó náà. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà kì í ṣe àṣìṣe ìtẹwó mọ́, bó ti wù kó ṣàjèjì tó.

Àṣìṣe tó ti ara irin pẹlẹbẹ wá

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ka yìí ni kí owó ní àbùjẹ létí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ agérin bá sọ̀kalẹ̀ sórí ibi tó ti gé tẹ́lẹ̀. Irin tó gé jáde yóò ní àlàfo bí oṣùpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni lè fi ayùn tàbí fáìlì ṣe irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ ìyàtọ̀?

Ọ̀nà méjì ni. Èkíní, kí a wo òdìkejì àlàfo náà gan-an. Nígbà tí irin abùjẹ bá ń yí nínú ẹ̀rọ tó ń gbé ìgbátí sókè, ibi tí àlàfo wà kò ní kan ẹ̀rọ, nítorí náà òdìkejì rẹ̀ kò ní rí ẹni tì í dáadáa. Ìgbátí ibẹ̀ sábà máa ń lẹ̀, tàbí kó má tilẹ̀ hàn. Èkejì, kí a wo lẹ́tà tó sún mọ́ àlàfo náà. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe gidi, irin náà á ti ṣàn lọ sí ibi àlàfo nígbà tí òǹtẹ̀ balẹ̀, lẹ́tà ibẹ̀ á sì fà gùn tàbí kó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáìlì ni wọ́n fi gé e, lẹ́tà á dúró ṣinṣin títí dé ojú ibi tí fáìlì ti gé e bí ìgbà tí ọ̀bẹ gé àkàrà, ìgbátí òdìkejì á sì pé pérépéré.

Owó tó ní ihò náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Ihò lè má sí ní àárín gan-an, ó sì lè má sí rárá. Ihò tí ilé ìtẹwó lu ní etí tó dán, nítorí òǹtẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lù ú. Ihò tí a fi ìṣó tàbí ẹ̀rọ ìlurin lu lẹ́yìn náà máa ń ní irin tó ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì máa ń gba àárín lẹ́tà tàbí àwòrán kọjá láìbìkítà. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ṣílè àti sísì àtijọ́ ni wọ́n ti lu ihò sí kí a lè fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ ọrùn.

Àṣìṣe tó ti ara òǹtẹ̀ wá

Òǹtẹ̀ tó ti tẹ owó púpọ̀ lè sán. Nígbà tí òǹtẹ̀ bá sán, irin owó yóò wọ inú ojú ibi tó sán náà, ìlà tó ga yóò sì hàn lára owó. Òfin tó rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí wà níbí: ìlà tó ga sókè lè ti ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀ wá, ìlà tó wọ inú lọ sábà máa ń jẹ́ họrahọra ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó lè fi ìṣó họ owó kí irin sì ga sókè láìjẹ́ pé ibòmíràn jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá rọra fi èékánná kan ìlà náà, tàbí tí a tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, òjìji rẹ̀ yóò sọ fún wa bóyá òkè ni tàbí kòtò.

Àṣìṣe òǹtẹ̀ tó lókìkí jù ni kí wọ́n so òǹtẹ̀ méjì tí kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ pọ̀. Ní ọdún 2008, ilé ìtẹwó ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí àwòrán owó 20 pẹ́ńsì padà, wọ́n sì gbé ọdún láti ẹ̀yìn owó lọ sí ojú rẹ̀. Wọ́n wá ṣèèṣì fi òǹtẹ̀ ojú ti àtijọ́ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ òǹtẹ̀ ẹ̀yìn tuntun. Owó tó jáde kò ní ọdún kankan níwájú tàbí lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ti yẹ ṣéńjì wọn wò nítorí rẹ̀. Irú èyí kan tún wà nínú owó tiwa. Lára kọ́bọ̀ ọdún 1936 tó ní lẹ́tà H, ìyẹn àmì ilé ìtẹwó Heaton ní Birmingham, a rí àwọn kan tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ojú owó 10 sẹ́ǹtì ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà tẹ̀ pọ̀ mọ́ òǹtẹ̀ ẹ̀yìn kọ́bọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kò sí fáìlì tàbí òòlù tó lè ṣe èyí. Àṣìṣe tó jẹ́ ti ilé ìtẹwó pátápátá ni.

Àṣìṣe tó wáyé nígbà títẹ̀

Bí irin pẹlẹbẹ kò bá jókòó dáadáa sáàárín òǹtẹ̀, àwòrán á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kejì á sì wà láìní àwòrán. Apá tó ṣófo yìí kò ní ìgbátí gidi, nítorí òǹtẹ̀ kò kàn án. Ohun tó yẹ kí a wò ni bóyá ojú àti ẹ̀yìn gba ìtẹ̀ náà ní ọ̀gangan kan náà. Bí ojú nìkan bá yẹ̀ tí ẹ̀yìn sì pé, kí a fura, kí a sì tún un wò dáadáa.

Bí òrùka irin kò bá sí níbi tó yẹ, owó á fẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, lẹ́tà rẹ̀ á sì súnmọ́ ìta. Owó tí wọ́n fi òòlù lù pẹlẹbẹ náà máa ń fẹ̀, ṣùgbọ́n òòlù á ti tẹ àwòrán rẹ̀ rì. Àwòrán owó tí kò ní òrùka ṣì máa ń yọ dáadáa ní àárín.

Ní ti náírà 1 àti náírà 2 ọdún 2006, ìgbà tí òǹtẹ̀ bá balẹ̀ ni irin àárín àti irin òrùka ń so pọ̀. Bí irin àárín bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀, àwòrán á gba orí méjèèjì kọjá bó ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ló yọ irin àárín tó sì tún un fi sí i, ìlà tó yẹ kó kọjá lórí méjèèjì kò ní bá ara wọn mu mọ́, a ó sì rí àpá ohun tí wọ́n fi yọ ọ́.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń tan àwọn tó ti ní ìmọ̀ díẹ̀ pàápàá jẹ. Bí owó tí a ti tẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀ kan, tí irin pẹlẹbẹ mìíràn sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀, àwòrán owó tó lẹ̀ náà ni yóò wọ inú irin tuntun lọ ní òdìkejì, bí ìgbà tí a wo ìwé nínú dígí. Ẹnikẹ́ni tó bá fi fáìsì pa owó méjì pọ̀ lè rí ohun tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú àṣìṣe gidi, ẹ̀gbẹ́ kan ni àwòrán òdìkejì wà, ẹ̀gbẹ́ kejì á sì pé pérépéré. Fáìsì ní tirẹ̀ á tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rì, àwòrán àkọ́kọ́ á sì ṣì hàn lábẹ́ èyí tó wọ̀ ọ́. Ní Owódé Onírin, níbi tí fáìsì, òòlù àti fáìlì ti jẹ́ irinṣẹ́ ojoojúmọ́, kì yóò ṣòro fún olùkọ́ láti bẹ oníṣẹ́ ọwọ́ kan kó fi ìrẹ́ irin àlòkù hàn akẹ́kọ̀ọ́ bí àpá irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí. Irin àlòkù ni kó lò, kì í ṣe owó; ìdí rẹ̀ yóò hàn láìpẹ́.

Ohun tó jọ àṣìṣe tí kì í ṣe àṣìṣe

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìwọ̀nyí ni gbígbó. Owó tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á dán, lẹ́tà rẹ̀ á sì pa rẹ́. Ibi tó ga jù ló kọ́kọ́ máa ń gbó. Bí ibi tó ga bá ṣì mú ṣinṣin tí ibi tó rẹlẹ̀ sì ti pa rẹ́, ohun mìíràn ló ṣẹlẹ̀.

Ẹgbẹ́ kejì ni ìpẹtà. Nítorí pé irin gidi ló wà nínú owó 1991, bí omi bá ti gba ojú kékeré kan wọlé, irin á pẹtà lábẹ́ àwọ̀ tó bò ó, àwọ̀ náà á sì wú bí ìléròrò. Àdúgbò tí odò Ògùn máa ń kún bò, bí Àgbóyì àti apá kan Ìkòsì, kò ṣàjèjì sí owó tí omi ti wọ̀ lára. Ìléròrò yìí ga sókè lóòótọ́, nítorí náà òfin òkè àti kòtò nìkan kò tó. Ìlà òǹtẹ̀ tó sán le, ó sì dán bí ara owó yòókù. Ìléròrò ìpẹtà máa ń fọ́, àwọ̀ pupa rúsúrúsú á sì jáde lábẹ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kẹta ni ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà tó wà lára aníní, éépìnnì àti kọ́bọ̀ àtijọ́ kì í ṣe àmì awo, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Bákan náà ni owó oníhò tó ní orúkọ Ọba Edward kẹjọ. Ọba yìí kò lo ọdún kan lórí oyè. Ó gorí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1936, ó sì fi í sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, wọn kò ná owó tó ní àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oníhò ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò nílò àwòrán ọba, adé àti orúkọ nìkan ló wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè tètè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ná an níbí bí owó yòókù. Ó ní ìtàn tó dùn, àmọ́ kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Ìyàtọ̀ tí à ń ṣe yìí wà nínú òfin pẹ̀lú. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ṣe owó onírin tàbí owó bébà báṣubàṣu ti ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní náírà 50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Òfin náà yọ gbígbó tó bá ìnáwó wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka lílu ihò, fífín nǹkan sára owó, àti dídín ìwọ̀n rẹ̀ kù mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Abala kan náà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn máa kiri tàbí kó máa ta owó náírà bí ọjà.

Èyí já sí nǹkan méjì fún wa. Ìkíní, ẹni tó bá fi fáìlì tàbí fáìsì ṣe àṣìṣe àtọwọ́dá sára náírà ń tan ará ìlú jẹ, ó sì tún ń rú òfin. Èkejì, olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ kó yé akẹ́kọ̀ọ́ pé ìmọ̀ ni à ń wá, kì í ṣe òwò. Lójú òfin, náírà 1 tí ilé ìtẹwó ṣì tẹ̀ kò ju náírà 1 lọ.

Lílo ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì

Irinṣẹ́ tí a nílò kò wọ́n: awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, òòfà kékeré, tọ́ọ̀ṣì, rúlà àti òṣùwọ̀n kékeré. Kí olùkọ́ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí:

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ owó, ọdún rẹ̀ àti lẹ́tà kékeré èyíkéyìí tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀.
2. Kí ó wá ẹgbẹ́ owó náà kan, ti ọdún kan náà, tí ara rẹ̀ pé. Láìsí ẹgbẹ́, kò sí ìfiwéra.
3. Kí ó wọn ìbú àti ìwúwo méjèèjì, kí ó sì fi òòfà kàn wọ́n. Owó tí òòfà fà nígbà tí kò yẹ kó fà á lè jẹ́ èyí tí a tẹ̀ sára irin tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ ayédèrú.
4. Kí ó tan iná sí owó láti ẹ̀gbẹ́, kí ó sọ bóyá àpá náà ga tàbí ó jìn.
5. Kí ó wo òdìkejì àpá náà àti ẹ̀yìn owó, nítorí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òǹtẹ̀ kì í sábà kan ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.
6. Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí: kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀ ni, ìgbà tó ń balẹ̀ ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú tàbí iyanrìn fọ owó kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ń mú owó dán yìí náà ló ń pa ẹ̀rí inú rẹ̀ rẹ́. Kí a di etí owó mú, kí a má fi ìka tẹ ojú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí lè wọ inú iṣẹ́ púpọ̀. Olùkọ́ ìṣirò lè lò ó fún ìwọ̀n. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè lò ó fún ìpẹtà àti òòfà. Olùkọ́ ìtàn lè fi í ṣàlàyé bí a ṣe bọ́ láti orí owó ẹyọ dé orí náírà. Olùkọ́ Yorùbá náà ní tirẹ̀, nítorí orúkọ bí aníní, tọ́rọ́ àti sísì ń kú lọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Àwọn àgbà tó ná owó wọ̀nyí ṣì wà nínú ilé wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bi wọ́n ohun tí kọ́bọ̀ kan lè rà nígbà náà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé kì í ṣe bí owó bá ti ṣàjèjì tó ni a fi ń mọ̀ ọ́n ní àṣìṣe ìtẹwó. Ìgbà tí àpá náà dé ni ohun tó ṣe pàtàkì, ara owó fúnra rẹ̀ ló sì ń jẹ́rìí sí ìgbà náà: ìgbátí tó lẹ̀ ní òdìkejì àbùjẹ, lẹ́tà tó ṣàn, ìlà tó ga, etí ihò tó dán. Ọ̀pọ̀ nínú owó tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú wá ni yóò jẹ́ owó tó gbó tàbí tó pẹtà lásán. Kí olùkọ́ má bẹ̀rù láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kí ó sì fi ìdí rẹ̀ hàn án lára owó náà. Ọmọ tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí náà lè padà sílé lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kí ó tó fi owó ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí.